Àwọn Àgbà Tí Ń Sá fún Kámẹ́rà Mi

Ọkọ̀ wa kò tíì fara kan èbúté tí àwọn àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe níwájú ilé rẹ̀ ká àwọ̀n náà mọ́ra, ó wọlé. Ìyá méjì tó jókòó lórí afárá pákó gbé àpótí ìjókòó wọn, àwọn náà wọlé. Nínú ilé kan lápá òsì, mo gbọ́ tí ẹnìkan ti fèrèsé gbàgà. Òjò kò rọ̀, ìjà kò ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá kò sì tẹ̀ lé mi. Èmi nìkan ni mo sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú báàgì mi àti kúlà tí mo ń gbé kámẹ́rà sí kí omi iyọ̀ má baà kàn án.

Táyé tó wa ọkọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

"Àǹtí Fótò," ó ní, "wọ́n ti rí yín."

Inú bí mi, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ ti tàn ká gbogbo apá Awóyè pé àgbà tí mo bá ti ya fótò rẹ̀ kì í pẹ́ kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin náà má baà ti ìwé yìí pa. Igbókọ̀dá ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ Ọ̀gá Sùlé, ọkùnrin tínínrín kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Kúlà òfìfo àti ọ̀rá ló gbé fún mi, ó ní kí n máa dì í, kí n máa tú u, títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí ìgbì kọ́kọ́ da omi sínú ọkọ̀ wa lọ́nà Òde Ugbò, tí aṣọ mi rin gbingbin, tí kámẹ́rà sì gbẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ ya ẹni tó kẹ́yìn sómi lọ́sàn-án gangan, nítorí ojú onítọ̀hún á dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ̀kọ́ kan ló kó bá mi. Ọ̀gá mi ní bí mo bá ti ń ya àgbàlagbà, kí n ya ọ̀kan sí i tí wọn kò bẹ̀ mí: ojú àti àyà nìkan, aṣọ funfun lẹ́yìn, ẹnu ní pípadé. Ó ń pè é ní fótò ìpamọ́.

"Kí la ń pa á mọ́ fún, Ọ̀gá?"

"Ṣáà pa á mọ́," ó ní. "Ọjọ́ tí wọ́n bá máa béèrè rẹ̀, wọn ò ní lè dúró."

Mo padà mọ ọjọ́ tó ń wí. Bí àgbà kan bá kú, àwọn ọmọ á sáré wá bá mi nítorí pósítà tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ògiri kiri, wọ́n á bá ojú òbí wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n á máa dúpẹ́. Mo wá ṣe ọgbọ́n kan tí mo rò pé ó dára. Ní ìsàlẹ̀ fótò kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi: ÀǸTÍ FÓTÒ. Ìpolówó ọjà ni lójú tèmi. Àfi ìgbà tó di àkókò òjò kan tí àgbà mẹ́ta lọ léra wọn. Àrùn ti so ọ̀kan nínú wọn mọ́lẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó pè mí, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ti rí ọmọ-ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, pósítà mẹ́ta ló wà lára ògiri, orúkọ mi ló sì wà lábẹ́ gbogbo wọn. Àwọn àgbà kà á bí ẹni ń ka orúkọ ẹni tó pa wọ́n.

Bàbá Láyè ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Àgbà apẹja kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ ni. Ó rí mi ní èbúté, ó nahùn láàárín èrò: "Àǹtí Fótò, ta ló kàn?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Láti ọjọ́ náà, "Ta ló kàn?" ló di ìkíni tí wọ́n fi ń pàdé mi. Ìyàwó ilé kan tiẹ̀ dá fótò ìyá ọkọ rẹ̀ padà fún mi, ó fi ìwé ìròyìn dì í, ó nà án sí mi látòkèèrè bí ẹni ń fún ajá ní egungun. Mo máa ń jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday láìsí oníbàárà, láti ya ẹyẹ etí omi àti òpó àwọn ilé tí òkun ti jẹ. Ìyẹn náà di ẹ̀sùn. Wọ́n ní kí ni obìnrin ń wá kiri ní ahoro. Ẹnikẹ́ni kò tíì pe orúkọ burúkú yẹn mọ́ mi lójú, orúkọ tí wọ́n máa ń pe obìnrin tí àgbà ń kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti wà lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá fi lè pè é, iṣẹ́ mi ti tán létí òkun nìyẹn, bóyá ilé mi náà pẹ̀lú. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Bí nǹkan ṣe wà nìyí nígbà tí Ràṣídì pè mí lórí fóònù. Ó ń ta ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní Wàrì. Ó ní kí n lọ bá òun ya ìyá òun lápá Awóyè.

"Ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín o, Mà. Ẹ wá nǹkan sọ fún wọn."

"Ṣé ara wọn ò yá ni?"

"Ara wọn yá."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá fúnra yín?"

"Ojú wọn nìkan ni mo fẹ́. Kó ṣáà hàn dáadáa."

Mo fura. Ara ìyá yá, ọmọ ò wálé, ojú nìkan ló sì fẹ́. Kí ni èèyàn ń fi ojú nìkan ṣe? Ǹ bá ti kọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti pè mí kẹ́yìn sí ọ̀dọ̀ àgbà. Ìdí tí mo fi wà lórí afárá pákó lọ́jọ́ náà nìyẹn, tí ilẹ̀kùn ń tì níwá lẹ́yìn.

Mo bá Ìye Ràṣídì nínú àtíbàbà tó ti ń yan ẹja. Ìye là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ lásán ló fi ń yí ṣáwá padà lórí iná, èéfín sì bo gbogbo ibẹ̀.

"Àwọn yòókù ti sá," ó ní láìgbójú sókè. "Ẹja tèmi wà lórí iná."

Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sì gbé irọ́ mi kalẹ̀. "Ìye, ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí n máa ya àwọn ìyá wa."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo?"

"Èyí tó wà ní ìparí afárá yẹn, Mà."

"Ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ̀ pé mọ́ṣáláṣí ni mò ń lọ?"

Ojú rẹ̀ ti bọ́ sínú báàgì mi, níbi tí aṣọ ibùsùn funfun tí mo máa ń ta sẹ́yìn èèyàn ti yọrí.

"Aṣọ funfun yẹn, ta lo fẹ́ dì sí i?"

Mo ní fún ẹ̀yìn fótò ni. Ó ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń lo irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Kí n tó mọ̀, Bàbá Láyè ti jáde síta, òun ló ti fèrèsé lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró lókèèrè pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Ìye Ràṣídì, má jókòó fún un o. Ìfura loògùn àgbà. Páńsá kò fura, páńsá já síná."

"Bàbá Ràṣídì kò ya fótò rí láyé rẹ̀," ni Ìye dá a lóhùn. "Ẹ bá mi pè é kó wá jẹun."

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé òkun ló gbé ọkùnrin náà lọ nígbà tí Ràṣídì ṣì kéré, wọn kò sì rí òkú rẹ̀. Ìye wá kọjú sí mi. "Ta ló rán ẹ?"

Mo ní Ràṣídì ni. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n pè é, kí n sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo èèyàn gbọ́.

"Ràṣídì, o rán oníkámẹ́rà sí mi."

"Ìye, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú, mò ń béèrè ni. Kí lo fẹ́ fi ojú mi nìkan ṣe? Ṣé o ti ń retí ọjọ́ mi ni?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ọmọdé.

"Ìye, mi ò mọ ojú bàbá mi mọ́. Bí mo bá ní kí n rántí wọn, ẹ̀yìn wọn ni mò ń rí, bí wọ́n ṣe ń wọkọ̀ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí tiyín má lọ rí bẹ́ẹ̀. Ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ fún yín."

Ìye yí ẹja kan padà, ó yí òmíràn. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí, ó sì ká mi lára pé mo ti ń rò ó sí ibi.

"Wá sílé," ni Ìye sọ níkẹyìn. "Ẹni tó bá fẹ́ ojú mi á wá wò ó." Ó wá bojú wò mí. "Ìwọ náà, wá lọ́jọ́ tó bá dé. Fi aṣọ òkú yẹn sílé."

Nígbà tí Ràṣídì dé, mo padà lọ, láìmú aṣọ funfun dání. Ọkùnrin gíga, onígíláàsì ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Mo gbé àpótí kalẹ̀ fún Ìye. Kò jókòó. Ọmọ ló fà síwájú. Ó yọ gíláàsì lójú rẹ̀, ó ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó wọlé, ó mú fìlà àtijọ́ kan jáde tí ikán ti jẹ létí, ó dé e fún un, ó tẹ̀ ẹ́ sí apá ọ̀tún. Ó gbé àwọ̀n lé e lórí ẹsẹ̀. Ó jìnnà díẹ̀, ó wò ó, ó padà wá yí àgbọ̀n rẹ̀ díẹ̀ sí i.

Mo tún fura. "Ìye, ẹ̀yin la fẹ́ yà."

"Yà á."

"Ó kẹ́yìn sómi, Mà. Ojú rẹ̀ á dúdú."

"Òkun ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀."

Mo ní kí a jẹ́ kí oòrùn rọ̀ nígbà náà. A dúró, Ràṣídì nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ìyá rẹ̀ kò sì gbà á láàyè láti mì. Àwọn ilẹ̀kùn ń ṣí díẹ̀díẹ̀, orí ń yọ. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó bọ́ sí i lójú dáadáa, mo yà á. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré mi jáde, èyí tó ń tẹ fótò lójú ẹsẹ̀. Ìye nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró kó tó gbà á.

Ó wò ó títí. Ó jókòó sílẹ̀ lórí pákó.

"Bàbá Ràṣídì," ó ní, "ẹ káàbọ̀."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ó yé Ràṣídì náà. Ìyá rẹ̀ na fótò sí i. "O ní o ò mọ ojú bàbá ẹ. Òun nìyí. Bó ṣe rí nígbà tó lọ nìyí, kò dàgbà jù ọ́ lọ." Ọkùnrin náà mú un lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́. Èmi náà sunkún. Mo ń díbọ́n pé mò ń nu kámẹ́rà.

Lẹ́yìn náà ni Ìye tó jókòó fún mi, ẹja ní ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì lórí èjìká ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n tẹ orúkọ mi sí i gàdàgbà. "Kí wọ́n rí i pé o yà mí, mo sì ń jẹ púpurú mi." Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ṣì ń jẹ òkèlè ẹ̀gẹ́ náà.

Mo ń kó irinṣẹ́ mi sínú kúlà nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá lórí pákó. Bàbá Láyè ni. Ó gba fótò lọ́wọ́ Ràṣídì, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Òun ni ẹnìkejì Bàbá Ràṣídì nínú ọkọ̀ ẹja nígbà èwe wọn. Ó dá a padà. Ó fa àpótí tí Ìye dìde lórí rẹ̀ wá síwájú mi, ó jókòó, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì kọjú sí kámẹ́rà.

"Èmi ló kàn," ó ní.