Lẹ́tà Tó Wà Lọ́wọ́ Olùkọ́ Mi

Gbogbo ìwé tí yunifásítì kan lókè òkun bèèrè ni mo ti fi ránṣẹ́, àfi ẹyọ kan tí kò sí lọ́wọ́ mi. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó mọ̀ mí dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láìsí i, wọn ò ní wo tèmi rárá. Ọdún kan gbáko fún ìwádìí, láìsí ìwé ìdánwò láti máàkì, láìsí ìyanṣẹ́lódì: ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́ nìyẹn. Olùkọ́ mi àtijọ́, tó ti fẹ̀yìn tì sí Iléṣà, gbà láti kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹni tó bá bèèrè kì í ṣìnà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ máa rán irú àgbà bẹ́ẹ̀ létí? Màá kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, màá tún pa á rẹ́. Nínú ilé mi ní Dàda Estate, ní Òṣogbo, mò ń rìn láti pálọ̀ dé kíṣìnì bí adìẹ tó fẹ́ yé. Nígbà tó di ọjọ́ tí yunifásítì máa ti ojú òpó tí à ń gbà fi ìwé ránṣẹ́ gan-an, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ra búrẹ́dì àti ọsàn ní Òkè-Fìà, mo wọkọ̀ Iléṣà.

Inú bàbá olùkọ́ mi dùn débi pé wọ́n jáde láìwọ bàtà. "Ìwọ rèé! Ìwọ rèé!" Wọ́n ní kí ìyàwó wọn gúnyán. Òṣómàálò ni bàbá tó bí mi lọ́mọ. Bó bá lọ gba owó aṣọ tó tà láwìn, ńṣe ni yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tí yóò fi san án. Èmi ọmọ rẹ̀ wá jókòó sórí àga tìmùtìmù, mò ń jẹyán, mò ń bèèrè àlàáfíà orúnkún. Mo rò pé bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á rántí. Wọn ò rántí. Mo ní n óò sọ ọ́ bí a bá jẹun tán. A jẹun tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Inú wọn bí mi díẹ̀, inú ara mi bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní ó dàbọ̀.

Ọkọ̀ Òṣogbo ò tíì kún tí fóònù mi fi dún. Bàbá ni.

"Mo ní kí n tún dúpẹ́ ni. Gbogbo ẹni tó ń wá síbí ló ní ohun tó fẹ́ kí n bá òun ṣe. Ìwọ nìkan lo wá kí mi lásán. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé ọmọ gidi ni ọ́."

Bí mo bá dákẹ́, ọdún ìwádìí mi lọ nìyẹn. Dírẹ́bà ń pariwo pé ó ku ẹnì kan.

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo wí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹ jọ̀ọ́, sà... lẹ́tà yẹn. Òní ni wọ́n máa tì í."



"Háà. Lẹ́tà," ni wọ́n wí. "Ó dáa."

Wọ́n fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́tà tó dára ni yóò jẹ́, nítorí yunifásítì náà mú mi, mo sì ti ń di ẹrù báyìí. Mo ṣì máa ń pe bàbá, kí n kàn kí wọn ni. Bí wọ́n bá ti gbé e, wọn kì í bèèrè ilé mọ́.

"Ẹ̀hẹ́n," ni wọ́n máa ń wí, "kí lo fẹ́ kí n bá ẹ ṣe?"