Òpó Tí Wọ́n Kùn Lọ́dà Dè Mí

Ní ọ̀sẹ̀ tí ilẹ̀ mì ní Abùjá, fóònù ọ́fíìsì wa ò sinmi. Iṣẹ́ tiwa ni láti yẹ ilé wò, ká sọ èyí tó lè dúró bí ilẹ̀ bá tún mì, àti èyí tó máa wó. Tẹ́lẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi wá ṣe: "Ilẹ̀ Nàìjíríà kì í mì, ẹ̀yin ẹ ṣáà ń gbowó oṣù!" Ta ló wá ń rẹ́rìn-ín mọ́?

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kì í bá onílé sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á ní, "Ẹni tó ń gbálẹ̀ ni kó o bi. Onílé á tàn ẹ́." Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú. Ṣebí èmi ni mo kàwé!

Ilé alájà kan ní Zuba ló là mí lójú. Alhaji tó ni ín, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta irin ní Dei-Dei. Ó ti wó ògiri ìsàlẹ̀ kó lè fi ibẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù, òpó nìkan ló wá gbé òkè dúró. Bí ilẹ̀ bá mì, irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òpó náà ń dán, mi ò sì rí ibi tó sán lára wọn. Mo ti yọ bírò, ó ku kí n buwọ́ lùwé pé kò séwu.

Ìyá Alhaji, ìyá àgbà tó ń gbé lókè, ló ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo rántí ọ̀gá mi, mo bá bi wọ́n bóyá wọ́n ti kíyè sí nǹkan kan.

"Ọmọ mi, látìgbà tílẹ̀ ti mì ni yẹ̀pẹ̀ ti ń dà lẹ́sẹ̀ òpó yẹn láràárọ̀. Àná ni wọ́n rẹ́ ẹ, tí wọ́n kùn ún. Wọ́n ní àlejò ìjọba ń bọ̀."

Mo fòòlù gbá ibi tí wọ́n rẹ́, ó ṣí. Òpó náà ti là débi tí ìka mi wọnú rẹ̀. Mo yíjú sí Alhaji tó dúró lẹ́yìn mi.

"Alhaji! Orí èyí ni ìyá yín ń sùn!"

"Ẹ dákun, Màdáámù Ẹnjiníà. Ojú ló tì mí. Ṣé ilé tó ti sán ni màá fi gbàlejò?"

Inú bí mi sí i, ó sì bí mi sí ara mi jù. Díẹ̀ báyìí ló kù kí n fi bírò pa ìyá onìyá. Mo ní kí gbogbo wọn kó jáde lọ́jọ́ náà. Alhaji bẹ̀bẹ̀, ó bínú, ó ní mo fẹ́ ba òun lórúkọ jẹ́. Ìyá rẹ̀ ká ẹní wọn, wọ́n bọ́ síta, Alhaji náà bá tẹ̀lé wọn.

Oṣù mélòó kan la fi fi irin àti kankéré kún àwọn òpó náà, tí a sì mọ ògiri padà. Mo dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ títí, mo ń pariwo lé wọn lórí.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àárò iṣẹ́ náà sì ń sọ mí gan-an, àtariwo àteruku. Láìpẹ́ yìí ni ìyá Alhaji pè mí.

"Ọmọ mi, ilẹ̀ tún mì díẹ̀ láàárọ̀ yìí o. Gbogbo àdúgbò ló sá jáde."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Mama?"

"Èmi? Mo ń mu ẹ̀kọ mi lọ. Mi ò dìde."