Aṣọ Tábìlì Olúwa Tí Mo Tún Fọ̀

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo pinnu pé mo fẹ́ di ẹni mímọ́, mo sì fẹ́ kí gbogbo Ìta Fájì mọ̀. Ó ku bí ọdún mẹ́ta kí a gba òmìnira. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ tí a ń sùn sí dé ni, Bíṣọ́ọ̀bù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórí. Mo jáwọ́ nínú sinimá, mo kó yẹtí mi pamọ́, mo sì ń fojú burúkú wo ẹnikẹ́ni tó bá rẹ́rìn-ín nínú ilé lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tí a ń pè ní Àǹtí, a kàn máa wò mí níran.

Iṣẹ́ Àǹtí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni fífọ aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì Olúwa. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á. Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀: ọ̀tọ̀ ni bàsíà rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni okùn tí a ń sá a sí, omi tí a bá sì kọ́kọ́ fi ṣan án kò gbọdọ̀ lọ sí gọ́tà. Ìdí òdòdó ni a ń dà á sí, níbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀. Nígbà tí làkúrègbé wá mú Àǹtí lọ́wọ́ jù, ó ní kí n gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìgbéraga mi bá di méjì.

Obìnrin kan wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa tó kọjú sí àgbàlá. Ìjẹ̀bú ni, mùsùlùmí ni, òwú àti abẹ́rẹ́ ló ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Ìyá Olówùú ni a ń pè é. Ní Sátidé kan, mo sá aṣọ náà tán, mo lọ sí ìpàdé àdúrà. Òjò ṣú lójijì. Nígbà tí mo fi máa sáré délé, kò sí nǹkan kan lórí okùn mọ́. Ìyá Olówùú jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ti ká aṣọ náà dáadáa sórí itan.

"Mo bá ọ kó o kí òjò tó dé," ó wí.

Mo dúpẹ́ lórí ahọ́n lásán. Mo gba aṣọ náà, mo gbé bàsíà wá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì tún gbogbo rẹ̀ fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀. Mo tilẹ̀ ń kọrin. Ó wò mí títí, ó dìde, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo rò pé mo ti dúró fún Olúwa.

Ní ọjọ́ kẹrin, Àǹtí bi mí pé kí ló dé tí Ìyá Olówùú kò wá kí òun láàárọ̀ mọ́. Mo ròyìn fún un, mo sì ń retí kí ó yìn mí. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí ìka wọn ti wọ́, sí mi lójú.

"Láti ọdún mẹ́ta tí o ti wà ní ilé ẹ̀kọ́, ta lo rò pé ó ń bá mi fún aṣọ yẹn? Àbí ọwọ́ yìí lo rò pé ó ń fún un?"

Mo wo àwọn ìka tó wọ́ náà.

"Lọ bá a," ó ní. "Má sì sọ pé èmi ni mo rán ọ."

Mo bá Ìyá Olówùú níbi tó ti ń to òwú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó lanu, ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Ó ti ń ṣe mí bíi kí n bi ọ́, ojú ló ń tì mí. Ìgbà gbogbo ni mo máa ń bi àǹtí yín bóyá kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní kò sí. Àmọ́ ìwọ lo kàwé. Nígbà tí o tún un fọ̀, mo mọ̀ pé o ti rí nǹkan nínú ìwé tí àwọn ò rí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fọwọ́ mi ba nǹkan Ọlọ́run yín jẹ́. Kò sí ìrun tí mo kí láti Sátidé tí n kò tọrọ àforíjì. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀, àbí ẹ̀yin náà ní bí ẹ ṣe ń ṣe é?"

Ojú tì mí débi pé omi ń bọ́ lójú mi, n kò lè nù ún.

"Kò sí nínú ìwé kankan, mà," mo ní. "Ìgbéraga mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"O ò kà á níbì kankan?"

"N kò kà á níbì kankan."

Ó fa ọwọ́ mi, ó mú mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní. Ó tún bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo ìwà mímọ́ tí mò ń gbé kiri Èkó, n kò bẹ̀rù Ọlọ́run tó bí obìnrin yìí ṣe bẹ̀rù Rẹ̀ rí.