Bí Àbúrò Mi Ṣe Fi Nọ́ńbà Ajá Rẹ̀ Tọrẹ

Ẹ bá mi kí àbúrò mi obìnrin, ẹni iyì ni. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń nulẹ̀ ọ́fíìsì ní ìdálẹ̀ tá a wà yìí. Nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí kó lọ sí ìlú mìíràn, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó wá ọkọ fẹ́. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu gan-an ni: ajá ló lọ gbé wálé. Abo ajá. Ó sọ ọ́ ní Ẹníbínú, kó lè dun obìnrin tó ń gbé lókè rẹ̀, tó máa ń fi igi ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ mọ́ ọn lórí. Obìnrin ọ̀hún ò gbọ́ èdè wa, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló ń pe ajá náà lórúkọ. Ẹ ò rí i pé ó dùn ún wọra.

Láàárín ọdún kan ààbọ̀, Ẹníbínú bímọ lẹ́ẹ̀mejì. Méje lákọ̀ọ́kọ́, mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kejì. Yàrá kan ni o, pẹ̀lú ilé ìdáná tí kò gba àga méjì. Lánlọ́ọ̀dù ò bá a jà. Ó kàn kọ ìwé ni, ó sì fọwọ́ sí i: bí ajá yìí bá tún bímọ nílé òun, kí ìyá, ọmọ àti ẹni tó ni wọ́n kẹ́rù wọn.

Orí bá a ṣe é, àwọn dókítà ẹranko kan wà tí wọ́n ń fi ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, nínú yàrá ìjẹun ilé ìwé kan. Wọ́n á yọ ilé ọmọ ajá ẹni, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ogójì ẹranko péré ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà, bí aago méjì bá sì ti lù, ilé ìwé á gba yàrá wọn. Oṣù tó ń bọ̀ ni Ẹníbínú á tún máa wá akọ. Ọjọ́ yìí nìkan la ní.

A débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Nọ́ńbà kẹsàn-án la gbà. Mo ní, "Kí aago mẹ́wàá tó lù, a ti wà nílé." Èmi náà, ẹnu mi yìí!

Bàbá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ológbò nínú àpótí, nọ́ńbà ogún lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àga mọ́. Àbúrò mi dìde fún un. Ó dáa, wọ́n kọ́ wa nílé. Àfi bó ṣe tún na nọ́ńbà wa sí i: "Bàbá, ẹ gba tèmi, kẹ́ ẹ má pẹ́." Bàbá wò ó bíi pé orí rẹ̀ dàrú, ó sì yára gbà á, ó fún wa ní ogún tirẹ̀.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, àgbà ni wọ́n."

"Ológbò ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kì í ṣe bàbá!"

"Ẹ rọra, wọ́n ń wò wá."

Ibẹ̀ lẹsẹ̀ wa ti yọ̀. Ìyá kan tó ń fi ọ̀pá rìn gba ogún lọ́wọ́ wa, ó fún wa ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Tọkọtaya kan tí orí wọn ti hewú gba ìyẹn náà, ó di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó pa irun ẹ̀ láró dé, àbúrò mi ń yọjú wo ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ bóyá ó ti hunjọ. Mo ní, "Dìde fún èyí kó o rí mi." Ó dìde. Ogójì ló kù sí wa lọ́wọ́. Gbogbo àgbà ayé ló ń bọ̀wọ̀ fún, àfi èmi tí mo mu ọmú ṣáájú ẹ̀. Ẹníbínú, tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jẹun láti àná, ń wò mí bíi pé èmi ni mo gbé oúnjẹ ẹ̀ pamọ́.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjì lù, wọ́n ṣe nọ́ńbà mọ́kàndínlógójì tán. Ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ ní, "Màmá, ẹ má bínú, àkókò ti lọ. A gbọ́dọ̀ nulẹ̀ ká tó kúrò. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Oṣù mẹ́ta! Ọmọ mẹ́sàn-án mìíràn á ti dáyé, ilé á sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni iyì.

Mo retí kó sunkún, kó kúnlẹ̀, kó ṣáà ṣe nǹkan. Ilẹ̀ ló ń wò. Ọ̀kan nínú àwọn afọ̀fẹ́ṣiṣẹ́ náà, ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tó jẹ́ lọ́yà lọ́jọ́ iṣẹ́, ń fi mọ́ọ̀pù gbígbẹ ti irun ajá kiri bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó máa lọ.

Àbúrò mi fi okùn ajá lé mi lọ́wọ́. "Ẹ bá mi dì í mú. Mi ò lè wo ìyẹn."

Ó gba mọ́ọ̀pù lọ́wọ́ lọ́yà. "Ọ̀gá, omi gbígbóná dà? Ẹ̀yìn yàrá la ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Ẹ kó àga gun orí tábìlì." Kí n tó ṣẹ́jú, lọ́yà ti ń ru àga, nọ́ọ̀sì méjì ń pọn omi. Ilé ń jó, ìyáálé ń gbálẹ̀!

Dókítà obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ti bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo aago. "Ta ló pè yín wá?"

"Èmi? Èmi ni mo ni ajá yẹn. Nọ́ńbà ogójì."

"Ilẹ̀ yìí ló máa ń jẹ ogún ìṣẹ́jú wa tó kẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá lè bá wa parí ẹ̀, màá fi ogún ìṣẹ́jú ọ̀hún ṣe tiyín. Ẹ gbé e wá."

Mi ò sunkún o. Ọṣẹ ilẹ̀ ló ta sí mi lójú. Wọ́n gún Ẹníbínú lábẹ́rẹ́ oorun, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, dókítà tẹ̀ ba mọ́ ọn. Àbúrò mi sì ń fi mọ́ọ̀pù yí tábìlì ká. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀." Dókítà gbé ẹsẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí aago méjì lù nígbà tí wọ́n gbé ajá lé mi láyà, ó wúwo bí àpò ìrẹsì, wọ́n ti fá irun ikùn rẹ̀, wọ́n sì ti rán an. A gbé ìwé ẹ̀rí tí dókítà kọ fún wa lọ fún lánlọ́ọ̀dù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ibi tí yóò ti bá a wí, kò rí i. Ó ní, "Ó dáa," ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹníbínú sùn. Àbúrò mi náà gbórí lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó sùn. Èmi tí mi ò ní ajá, tí mi ò gba nọ́ńbà, èmi ni mo jókòó tì wọ́n títí ọjọ́ fi rọ̀, tí mò ń ka èémí ajá bí dókítà ṣe ní ká máa kà á.