Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Lalla Tamou Jókòó

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ nílùú Meknes, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ wá sí àdúgbò wa, kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun, kí ẹ kọjú sí òdìkejì. Obìnrin tí ẹ máa rí tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín káńtà àti fíríìjì, tó ń nu ohun tó ti nù tẹ́lẹ̀, Lalla Tamou nìyẹn. Wàrà ló ń tà. Láti ẹ̀ẹ̀rùn kan báyìí, n kò rí ìdí rẹ̀ lórí àga mọ́. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, orí ìdúró ló ti ń mu tíì. Bó bá wá kí mi, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti kí mi, á sì ti sáré padà.

Ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn náà, fíríìjì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un dákẹ́ lójijì, kò sì mọ̀ títí àwọn èèyàn fi jáde ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n ń béèrè lében, wàrà kíkan tí a fi ń ti kúsíkúsí, oúnjẹ ọjọ́ Jímọ̀ wa, sọ̀kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Omi lásán ni ọ̀pọ̀ ilé mu sí oúnjẹ lọ́jọ́ náà, àwọn ará àdúgbò kò sì jẹ́ kó gbàgbé.

Redouane, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń gbé ní Tangier, wá fàáké kọ́rí pé kí ó ti ṣọ́ọ̀bù náà, kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyá rẹ̀ ní òun ò lọ. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n wá fẹnu kò sí i pé kí ó ra fíríìjì tuntun. Bí wàrà bá tún bàjẹ́ nínú ìyẹn, kí ó di ẹrù rẹ̀ láìjanpata. Ojú mi ló ṣe. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, Lalla Tamou bi mí pé ta ló mọ òun ní Tangier, àbí kí òun kàn jókòó kí òun máa wo òkun láti àárọ̀ dalẹ́?

Èmi ni mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ láti rà á. Ghizlane, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, fi fíríìjì onílẹ̀kùn gíláàsì méjì hàn wá, ńlá kan àti kékeré kan. Ìwé kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí àwọ̀ rẹ̀ ń ti orí ewéko tútù bọ́ sí pupa, tí lẹ́tà sì wà lára rẹ̀ láti A, tó dára jù, dé G. C ló wà lára ńlá, D ló wà lára kékeré, ni Lalla Tamou bá gba ìdí ńlá lọ tààrà. Ghizlane ní kí ó rọra. Ó ní lẹ́tà náà kàn ń fi fíríìjì wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ tóbi bákan náà ni. Nọ́ńbà gàdàgbà àárín ìwé ni kí a wò, nítorí òun ló ń sọ iná tí yóò jẹ lọ́dún. Ńlá yìí, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ tó dára, ó ń jẹ iná ju kékeré lọ. Ó tún fọwọ́ kan àwòrán kan nísàlẹ̀, ó ní ìyẹn ń sọ bí ibi tí a gbé e sí ṣe lè gbóná tó kí apá rẹ̀ tó pin. Kékeré náà lè fara da ooru Meknes, wàrà Lalla Tamou kò sì pọ̀ ju inú rẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n bá mi wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí àna mi tó ń gbé nílé mi, kí n lè mọ ohun tó ń jẹ lọ́dún. Kékeré la gbé.

Kò pẹ́ tí ìjọ̀ngbọ̀n fi dé. Iná tí fíríìjì náà ń jẹ ju èyí tí ìwé sọ lọ fíìfíì. Ìyẹn ṣì kéré. Lében gan-an kì í tutù dáadáa, àwọn tó ń rà á sì ti ń fajú ro. Lalla Tamou gbaná jẹ. Ó lọ bá Ghizlane ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní irọ́ ni ìwé wọn ń pa, ó sì ní kí wọ́n wá gbé ẹrù wọn. Ta ló mọ ẹni tó sọ fún Redouane? Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Mo mọ ohun tí ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá kó.

Ọjọ́bọ̀ ni Ghizlane dé. Ó yẹ ẹ̀rọ náà wò, kò rí nǹkan kan tó ṣe é. Ó wá jókòó sórí àga tí mo ti ń gẹrun, nítorí kò sí àga lọ́dọ̀ Lalla Tamou, ó sì ń wo òdìkejì. Lalla Tamou ṣílẹ̀kùn fíríìjì, ó fọwọ́ kan ìgò, ó tì í. Ó nu káńtà. Ó padà, ó ṣí i, ó fọwọ́ kan ìgò míì, ó tì í. Oníbàárà kankan kò sí níbẹ̀. Ghizlane dìde, ó kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e.

"Ìyá, ta lẹ ṣílẹ̀kùn yẹn fún?"

"Kò sẹ́ni tí mo ṣí i fún. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì tutù ni."

"Ó tutù kí ẹ tó ṣí i."

Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé àwọn tó kọ nọ́ńbà náà dán ẹ̀rọ wò ná, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń tì í, bí ẹni tó ń tajà ṣe máa ń ṣe. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ń yọjú sí i bí ẹni tó ní aláìsàn nílé.

"Nọ́ńbà yẹn ò purọ́, Ìyá. Kò kàn mọ̀ yín ni."

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n mí, àmọ́ ojú Lalla Tamou kò gba ẹ̀rín. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí fíríìjì àkọ́kọ́ kú, mo jókòó ni. Mo jókòó síbí, mo ń tàkúrọ̀sọ." Gbogbo àwàdà tí mo ti fi ìdúró rẹ̀ ṣe wá korò lẹ́nu mi.

Ghizlane bẹ̀ ẹ́ pé títí Jímọ̀ á fi parí, kí ó má ṣílẹ̀kùn náà àfi fún ẹni tó fẹ́ rà. Ó ní bí lében bá ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, òun fúnra òun yóò wá gbé ẹ̀rọ náà.

Láàárọ̀ Jímọ̀, àwọn tó fẹ́ gẹrun kí wọ́n tó lọ kírun kún ṣọ́ọ̀bù mi. Lalla Tamou ya wọlé, ó sì jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí mo ní. Láti ibẹ̀, èèyàn ń rí fíríìjì rẹ̀ nínú jígí mi, pẹ̀lú iná tó ń tàn nínú rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin lanu sílẹ̀.

Mo ní, "Lalla Tamou, ọkùnrin ni mò ń gẹrun fún níbí o."

"Gẹ̀ wọ́n lórí ìdúró. Èmi náà ti dúró tó."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gẹ̀ wọ́n lórí ìdúró, àwọn náà ń kùn. Ọwọ́ méjèèjì ni Lalla Tamou fi di apá àga mú. Bí oníbàárà bá dé òdìkejì, á fò dìde, á ṣí i lẹ́ẹ̀kan, á tì í, á sì padà wá jókòó, á tún gbájú mọ́ jígí. Àánú rẹ̀ ṣe mí dénú. Àti jókòó nira fún un ju gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe lójú mi lọ.

A kírun tán, èrò sì dé. Ẹni àkọ́kọ́ gbé ife sẹ́nu, ó gbé e kúrò, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó ní òtútù rẹ̀ mú kí eyín ro òun. Lalla Tamou wò ó lójú, ó bu òmíràn. Bó ṣe tà á títí nìyẹn, tí ó tú wàrà sínú kẹ́tùlù àti ìgò ọmọdé àtàgbà, tí ẹnikẹ́ni kò fajú ro. Nígbà tí èrò dínkù, ó padà sórí àga mi.

Ìgbà yẹn ni Redouane dé, páálí òfìfo ní abẹ́ apá rẹ̀. Ó bá ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ láìsí ẹnì kankan níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ó sáré wá bi mí pé ìyá òun dà. Mo fi abẹ júwe rẹ̀ fún un. Kò tíì rí ìyá rẹ̀ lórí ìjókòó láti ọjọ́ yìí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn páálí rẹ̀, kò lè wọlé, kò lè jáde.

"Ìyá mi, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín? Ẹ jókòó?"

Lalla Tamou kò yíjú kúrò lára jígí.

"Gbé páálí yẹn kúrò lọ́nà. Mi ò rí fíríìjì mi mọ́, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́."