Ta Ló Máa San Owó Tẹ́nẹ́mẹ́ntì Bàbá?

Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa ti sú mi. Mo kàn fẹ́ sọ ọ́ kí n lè gbé e kúrò láyà ni.

Nígbà tí bàbá wa jáde láyé ní Igbó-Ọrà, ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Èmi ni àkọ́bí, èmi nìkan sì ni obìnrin, mo ń ránṣọ ní Ẹ̀rúwà. Àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀lé mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ayétẹ̀, àbíkẹ́yìn wa, ọkùnrin lòun náà, ń dáko ní Igbó-Ọrà. Ìyá wa wà nínú ilé ọ̀hún, ó ń ṣe opó. Mùsùlùmí ni wá. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó tiwa, obìnrin ò sì gbọdọ̀ fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi pé.

Ilé náà ní ṣọ́ọ̀bù méjì níwájú. Owó tí àwọn tó gba ṣọ́ọ̀bù ń san sí báńkì ni bàbá fi ń san tẹ́nẹ́mẹ́ntì, ìyẹn owó tí káńsù ń gbà lórí ilé lọ́dọọdún. Bàbá kú tán, báńkì ti owó pa. Wọ́n ní àfi ká mú ìwé wá láti kóòtù, tó máa fi hàn pé àwa la lè bójú tó ogún rẹ̀. Kóòtù ní ká lọ ká bọ̀. Lọ́yà wa, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ṣépè, gbogbo ìgbà ló ń sọ pé ó ti kù díẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé ta ló máa san owó káńsù báyìí, ó ní, "Owó bàbá yín ló máa san án." Mo ní owó bàbá wa tí wọ́n tì pa yẹn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹni tó bá rí i san nínú wa lè gbà á padà tí ìwé bá jáde. Ẹ gbọ́ ná, nínú àwa mẹ́ta yìí, ta ló fẹ́ fi owó tirẹ̀ ṣáájú?

Ìwé káńsù dé. Bàbá ò rí ti ọdún tó fi ṣàìsàn san, wọ́n bá so ó pọ̀ mọ́ ti ọdún yìí. Wọ́n ní tí a ò bá san, àwọn máa ti ilé pa.

A jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ìyá wa wà nínú yàrá lẹ́yìn kọ́tìnì. Àbúrò mi ti Ayétẹ̀ ní ká pín in sọ́nà mẹ́ta ọgbọọgba. Ọgbọọgba kẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ló pe alfáà wá láìpẹ́ yìí láti ṣàlàyé ogún fún wa, pé ìdajì ohun tó bá kan ọkùnrin ló kan obìnrin. Mi ò jiyàn, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n mo ní, "Tí mo bá jẹ́ ìdajì níbi ká gbà, ìdajì náà ni mo jẹ́ níbi ká san."

Àbíkẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ti Ayétẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò tijú? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbà?" Mo ní ọjọ́ tí alfáà ń ṣàlàyé ogún, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí lágbà. Òtítọ́ ni mo sọ, mi ò sì tíì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ títí dòní.

Àbíkẹ́yìn ní òun ò ní kọ́bọ̀, ẹ̀gẹ́ òun ṣì wà nínú ilẹ̀. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má dá a san o, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú rìsíìtì ló máa sọ lọ́la pé òun ló nilé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe túká.

Lẹ́yìn ìyẹn, orí fóònù la wà. Àbúrò mi ti Ayétẹ̀ pè mí, mo pè é, a bú ara wa tán, a tún kí ara wa pé ó dàárọ̀. Ó rẹ̀ mí dé egungun. Aṣọ oníbàárà ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, èmi ń ro ti ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ohùn àjèjì kan pè mí. Òṣìṣẹ́ káńsù ni, ó ní ìyá wa ló fún òun ní nọ́ńbà mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. A wá ti ilé pa, màmá yín sì ní ká ti òun mọ́ ọn."

Mo gun ọ̀kadà láti Ẹ̀rúwà, eruku bò mí. Nígbà tí mo fi débẹ̀, àwọn àbúrò mi ti dúró síta. Òṣìṣẹ́ náà mú ṣéènì àti àgádágodo lọ́wọ́, kò mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe. Ìyá wa wà lójú fèrèsé nínú aṣọ opó.

"Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà," ló ń sọ fún un. "Iṣẹ́ ẹ lo wá ṣe. Tì í. Mo ní omi, mo ní gàrí. Opó ò gbọdọ̀ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní wọn ò gbọdọ̀ tì í mọ́lé."

Ọkùnrin náà wojú mi. "Màmá, Mùsùlùmí lèmi náà. Báwo ni kí n ti ṣe èyí?"

Bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì ló ṣe mí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìdajì mọ́. Àbúrò mi ti Ayétẹ̀ fi fóònù san tirẹ̀, mo san tèmi, àbíkẹ́yìn sáré lọ yá lọ́dọ̀ ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé. Owó tí a ti ń tìtorí ẹ̀ ṣépè fún ara wa, ìdúró kan la fi san án tán. Kí wá la ń jà sí, ẹ̀yin èèyàn?

"Orúkọ ta ni kí n kọ sí rìsíìtì?" ni òṣìṣẹ́ náà bi wá.

Ọ̀rọ̀ rèé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣọ́ ẹnu ara wa. Ìyá wa ló dáhùn láti ojú fèrèsé. "Orúkọ bàbá wọn ni kó o kọ. Opó rẹ̀ ni mò ń ṣe, ilé rẹ̀ ni mo wà."

Ó kọ ọ́, ó kó ṣéènì rẹ̀, ó lọ. A fẹ́ wọlé lọ bẹ ìyá wa. Mo ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ní ká dúró síbẹ̀. Kò pariwo. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ni.

"Ọkọ mi ló kú. Láti ìgbà tó ti kú, ẹ ò jẹ́ kí n ráyè sunkún ẹ̀. Òní kóòtù, ọ̀la ìdajì. Ẹ máa lọ sílé yín. Tí opó mi bá pé, màá ránṣẹ́ pè yín."

Ó fa fèrèsé dé. Mo wọ bàtà mi padà.