Èdè Tí Kò Ní Ìlú

Òórùn kọ̀ǹpútà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ó ń rùn bí ike tuntun tí oòrùn ń pa, nínú yàrá kan tó kọjú sí ojú irin ní Ọ̀fà, níbi tí tíṣà kan ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán Sátidé. Nígbà náà, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lórí taipuráítà ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Ìlémọnà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ ìka mi yá. Bí mo bá ń tẹ̀wé, àwọn adìẹ ìta a máa rò pé òjò ló ń rọ̀ sórí páànù, wọn a sì sá wọlé.

Àwa méjì là ń tẹ̀wé níbẹ̀, èmi àti obìnrin kan tí mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa pè wá, ó ní kọ̀ǹpútà ń bọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo. “Ẹ lọ kọ́ èdè rẹ̀ nígbà tọ́wọ́ yín bá dilẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ jù ni yóò jókòó tì í. Ẹnì kejì á lọ máa tọ́jú fáìlì.” Yàrá fáìlì ọ̀hún, eku ibẹ̀ tóbi débi pé ológbò ọ́fíìsì máa ń kúnlẹ̀ kí wọn ni. N ò fẹ́ débẹ̀ rárá.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ tíṣà lọ. Ó ní èdè kọ̀ǹpútà pọ̀, kí n mú ọ̀kan. Ibẹ̀ lara ti fu mí.

“Tíṣà, ìlú wo ni wọ́n ti ń sọ wọ́n?”

“Ẹ̀gbọ́n, kò sílùú tí wọ́n ti ń sọ wọ́n. Ẹ̀rọ nìkan ló ń gbọ́ wọn.”

“Báwo ni wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbẹ̀?”

“Wọn kì í kí èèyàn, Ẹ̀gbọ́n.”

Èdè tí kò ní ìlú, tí kò ní ìkíni. Ìfura loògùn àgbà. Olè nìkan ni mo mọ̀ tó ń wọlé láì kí onílé. Tíṣà wá bẹ̀rẹ̀ sí í polówó. Ó ní Pascal ló gún régé jù. Mo fura. Orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni Pascal, bẹ́ẹ̀ àáfà ló bí bàbá mi. Mo wò ó pé bí mo bá fi Sátidé mẹ́ta kọ́ ọ, wọ́n á ṣèrìbọmi fún mi ní ìkẹrin. Ó ní COBOL ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò. Mo ní ta ni yóò máa kó bọ́ọ̀lù fún ilé iṣẹ́ ńlá? Ó wá ku ọ̀kan tó kàn mẹ́nu bà tó sì kọjá, BASIC. Mo ní ehẹn, ọjà tí ọlọ́jà ò bá polówó, òun ló fẹ́ gbé lọ sílé. Òun ni mo mú.

Ẹlẹgbẹ́ mi ti mú Pascal ní tirẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ mú yẹn o.” Mo fura sí òun náà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo tẹ E KAASAN sí i. Ó ní mo ṣì í. Mo ní bóyá ilẹ̀ ti ṣú níbi tó ti wá, mo tẹ E KAALE. Ó tún kọ̀. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo búra pé ẹ̀rọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé yìí, n ó kọ́ ọ ní ìkíni. Oṣù mẹ́ta gbáko, ohun tí mo kọ́ kò ju ìlà méjì lọ. Ìlà kìíní ní kó kọ E KAARO SA sójú gíláàsì. Torí mò ń fura pé ọ̀gá lè má tètè rí i, mo fi ìkejì sí i: padà sí ìlà kìíní.

Kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì, ọjọ́ tí ọ̀gá fẹ́ dán wa wò pé, ẹlẹgbẹ́ mi ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ó ní kí ẹ̀rọ to orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ láti A dé Y, ẹ̀rọ sì tò ó kí n tó ṣẹ́jú. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ Y ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀gá. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló bá ara rẹ̀, lẹ́yìn ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó.

“Ta ló ní kó tò mí sẹ́yìn ọlọ́dẹ?”

“A-bí-dí ni, sà.”

“A-bí-dí ilé ta ni?”

Ni mo bá tẹ tèmi. E KAARO SA. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Káàárọ̀ o.” E KAARO SA. “Ṣé dáadáa lo jí?” E KAARO SA. Ọmọlúàbí kì í kọ ìkíni. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ló dá a lóhùn. Bẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ bi ológbò ọ́fíìsì. “Èyí lẹ́kọ̀ọ́,” ó ní. “Ẹni tó tọ́ ọ ni kó jókòó tì í.”

Ọ̀gá jáde tán, ẹ̀rọ ò dákẹ́. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Ẹlẹgbẹ́ mi na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí yàrá fáìlì.

Mo fura sí tíṣà, mo fura sí ẹ̀rọ, mo fura títí dórí orúkọ èdè. Ẹni tó mọ bọ́tìnnì náà ni n ò kà sí. Alhaja ni ẹlẹgbẹ́ mi náà báyìí, orí rẹ̀ ti funfun. Bí a bá pàdé lọ́nà réluwéè láàárọ̀, á tẹ orúnkún díẹ̀, á ní, “Ẹ káàárọ̀ sà.” Bí mo bá ti dáhùn, á tún ní, “Ẹ káàárọ̀ sà.” Mo máa ń dúró níbẹ̀, mo máa ń dá a lóhùn, títí òun fúnra rẹ̀ á fi dákẹ́.